Rélùwéè ò dé Ìkòròdú rí, kí la fẹ́ fi ọ̀nà orí ojú irin àtijọ́ ṣe?

Ará Ìjẹ̀dẹ̀ bèèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ní ìpàdé CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, arákùnrin kan tó ti òkè òkun dé gbé fídíò wá. Ó fi hàn wá bí àwọn òyìnbó ṣe hú irin rélùwéè tí wọn ò lò mọ́, tí wọ́n sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọ̀nà tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun básíkù, tí ìyá àgbà àti ọmọ kékeré jọ ń gbatẹ́gùn níbẹ̀. Ó ní àwọn ìlú kéékèèké tó ti ń dakẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń rówó nídìí rẹ̀. Ó ní kí àwa náà kọ̀wé sí káńsù.

Mi ò lè pa á mọ́ra, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìkòròdú wo ló ní rélùwéè tó fẹ́ hú? Ta ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin ní Ìjẹ̀dẹ̀ rí? Títì tí mọ́tò ń gbà gan-an, kòtò ló kún inú rẹ̀, ẹ wá ń sọ ọ̀nà ìgbafẹ́. Tí ìjọba bá lówó, kí wọ́n gbé rélùwéè gidi wá. Ṣé mo ṣì wí ni? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ má fi òyìnbó rú mi lójú.

* * *

Bàbá Oníbásíkù, Ìgbógbó:

Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kò burú. Òótọ́ ni pé rélùwéè ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ló gbà, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, torí ọ̀sà ló ń gbé ẹrù tiwa. Ẹ̀bútè ni wọ́n ti ń já ẹrù kí mọ́tò tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ojú irin tó sún mọ́ Àgbádárìgì ni ẹ̀ka tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí arákùnrin onífídíò yẹn ń sọ, torí mo rí àwọn tó ti dáhùn níbí bí ẹni pé pákì ọmọdé ló fẹ́ kọ́.

Ọkọ̀ ojú irin wúwo, kò sì lágbára òkè gígùn. Àwọn ẹnjinníà tó tẹ́ ojú irin ní láti gé òkè, kí wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí àfonífojì, kí wọ́n dá ihò sí inú òkè tí kò ṣeé gé, kí wọ́n sì ṣe afárá sórí odò. Nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí ọkọ̀ bá rìn, òkè tó máa gùn kì í sábà ju mítà kan tàbí méjì lọ. Nígbà tí tírélà wá gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè, tí ilé iṣẹ́ rélùwéè pa ọ̀nà yẹn tì, ohun tó ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ tó gùn, tó tẹ́jú, tó ti ní afárá. Wọ́n á hú irin àti pákó abẹ́ rẹ̀, wọ́n á da òkúta lílọ̀ sí i, ó di ọ̀nà tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè rìn láìmí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sì lè gbà láìsí pé ẹnì kan ń tì í lẹ́yìn.

Ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1967 láàárín Elroy àti Sparta gùn tó kìlómítà 51. Ihò mẹ́ta ló gba inú òkè kọjá. Èyí tó gùn jù nínú wọn lé ní kìlómítà kan, àfi kéèyàn mú tọ́ọ̀ṣì dání kó tó wọ̀ ọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ó ti tàn dé Gẹ̀ẹ́sì, Spéènì, Ireland, New Zealand.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ti rẹ́rìn-ín nípa irin, ẹ gbà á. Ibi tí ẹ ti sọ pé kò kàn wá, ẹ jẹ́ ká jọ fà á díẹ̀.

* * *

Ará Sábọ̀ kọ̀wé:

Kí wọ́n gbé rélùwéè wá ná, ká tó máa sọ ti ìgbafẹ́. Mile 2 ti ní, Agbádó ti ní. Àwa ńkọ́?

* * *

Bàbá Oníbásíkù:

Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú èsì tí mo kà, mo sì gba apá kan nínú rẹ̀. Rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní 2023, Red Line bẹ̀rẹ̀ láti Agbádó sí Ọ̀yìngbò ní 2024. Tiwa ni bọ́ọ̀sì BRT tó dé ní 2015 àti ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dìde pé kí wọ́n hú ojú irin àtijọ́ tó gba Èkó lọ sí Kánò kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà básíkù, èmi oníbásíkù yìí ni màá kọ́kọ́ bá a jà. A ṣì nílò irin yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé níbi tí ọkọ̀ bá ti ń pẹ́ kó tó kọjá, ọjà ni wọ́n ń pàtẹ sórí irin.

Ibi tí mi ò ti gbà ni pé ẹ mú un bí ẹni pé ọ̀kan ló ń dí ìkejì lọ́wọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n kan dá ní 1983. Kí ó tó dìgbà yẹn, tí ilé iṣẹ́ rélùwéè bá ti kọ ọ̀nà kan sílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ lè padà sọ́wọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni yìí á gé tiẹ̀, ẹni yẹn á gé tiẹ̀, wọ́n á kọ́lé sí i. Tí ìlú bá wá nílò rélùwéè lẹ́yìn ogún ọdún, kò sí ilẹ̀ mọ́. Òfin yẹn wá ní kí wọ́n lè fi ọ̀nà náà pa mọ́: ẹgbẹ́ kan tàbí ìjọba ìbílẹ̀ á máa tọ́jú rẹ̀, àwọn èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ á wà lódindi, tí ọkọ̀ bá sì fẹ́ padà wá, ó láàyè àtipadà.

Ẹ mú ìyẹn nínú gbogbo àlàyé mi, kí ẹ gbàgbé ìyókù tó bá wù yín. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn ló ń ṣọ́ ilẹ̀ yẹn, tí ajagungbalẹ̀ ò fi rí i gé. Ní Ìkòròdú, ilẹ̀ tó gùn tó sì ṣófo tí ẹnikẹ́ni ò rìn lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń dà kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀.

* * *

Ẹnì kan fi ìkanra bi mí pé, «Ilẹ̀ tó gùn wo la ní?»

Ẹ gbójú sókè. Ilé iṣẹ́ iná Egbin wà níbí láti nǹkan bí 1985, ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, agbára gbogbo wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Iná yẹn ò fò lọ. Orí òpó irin ló ń gbà jáde kúrò ní Ìkòròdú, TCN, ilé iṣẹ́ tó ń fi wáyà ńlá gbé iná káàkiri Nàìjíríà, sì ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé abẹ́ wáyà 330 kV gbọ́dọ̀ ṣófo tó mítà 50 ní fífẹ̀, abẹ́ 132 kV mítà 30. Ẹ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ti fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà tóóró sí i. Ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kàn tíì tọ́jú rẹ̀ ni.

Àwọn kan ti sọ pé òkú èèyàn ni mo fẹ́ kó jọ sábẹ́ háítẹ́ńṣàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lójú ara mi. Nígbà tí mo wà ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, ìlú Herndon ni mo ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ibi ìkẹ́rùsí kan, mi ò sì ní mọ́tò. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní W&OD, ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ dẹ́kun lórí rẹ̀ ní 1968, ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ló sì ra ilẹ̀ rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ ibi tó gùn tí wọ́n á na wáyà gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń bójú tó pákì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣí ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí ní 1988. Kìlómítà 72 ni, fífẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ tó mítà 30. Wáyà ṣì wà lókè rẹ̀ títí di òní. Tí ìrì bá sẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa ń gbọ́ tó ń kùn bí oyin, ẹ̀yin á sì máa wa básíkù yín lọ.

Mi ò gba ibẹ̀ fún ìgbafẹ́ o. Ilé ni mò ń lọ. Àwọn tí mò ń bá pàdé láago mẹ́fà àárọ̀ kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́: aṣerunlóge tó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ El Salvador tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, tí wọ́n so páànù oúnjẹ mọ́ ọwọ́ básíkù, ìyá kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ní àárín ìlú, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin pupa kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún ìrántí, ilé ìdúró ọkọ̀ àtijọ́ sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn olówó á dé pẹ̀lú aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á ná owó. Àmọ́ àwọn tó ń gbà á ní Mọ́ńdé ló jẹ́ kí ọ̀nà náà máa ní èèyàn.

* * *

Ìyá Ewédú kọ̀wé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ń pè ní ilẹ̀ tó ṣófo yẹn, oko mi ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń kó ewédú àti ṣọkọ lọ sí Sábọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lé wa, ẹ sọ ọ́ tààrà.

* * *

Bàbá Oníbásíkù:

Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa sọ̀rọ̀, ìyá. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo sì ń bẹ àwọn tó kù kí wọ́n má bú yín.

Ọ̀nà tí mò ń sọ ò ju mítà mẹ́ta ní fífẹ̀. Nínú mítà 50, ẹ ṣírò ohun tó ṣẹ́ kù. Ewédú, ṣọkọ, ilá, kò sí èyí tó ga dé ọ̀dọ̀ wáyà. Àwọn oníwáyà ò fẹ́ igi gíga, wọn ò fẹ́ ilé, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun igbó níbẹ̀, torí ooru àti èéfín iná igbó lè jẹ́ kí iná wáyà fò sílẹ̀ kí gbogbo àdúgbò wọ òkùnkùn. Oko ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń ro déédéé sàn fún wọn ju igbó lọ. Tí ọ̀nà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè yín, ẹ ò ní gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lórí gba inú ẹrẹ̀ mọ́, ọmọlanke á dé orí oko. Àwọn tó ń rìn láàárọ̀ á sì ra ẹ̀fọ́ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ra irú rẹ̀ ní Sábọ̀ láago mẹ́rin ọ̀sán.

Ohun kan wà tí mi ò ní tàn yín lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ àgọ́, tàbí tó na tábìlì sábẹ́ wáyà láti máa jókòó tà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Wáyà máa ń já. Ibi ìkọjá ni abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé títì, níta ààyè wáyà, ibẹ̀ ni kí ọjà wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń já máńgòrò gba ibẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó gbé irin gígùn sí èjìká lóòró lábẹ́ wáyà yẹn, àwa tí a wà ní òdìkejì la fi ariwo dá a dúró.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa débẹ̀.

Ará Ìmọ̀ta kan ní ìdílé tó ta ilẹ̀ fún ìjọba ò gbà pé ti ìjọba ni títí ayé, wọ́n ní wáyà nìkan ni àwọn gbà láàyè, àwọn ò ní kí gbogbo ayé máa kọjá. Ẹ má rò pé ìwà ará ibí nìkan ni. Ní Wyoming, ìdílé kan bá ìjọba Amẹ́ríkà fà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ilẹ̀ rélùwéè tó gba oko wọn kọjá, ìdílé náà sì jàre ní 2014, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan. Ilé ẹjọ́ ní ààyè ìkọjá lásán ni rélùwéè ní, àtipé nígbà tí rélùwéè ti kúrò, oníilẹ̀ ló ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí fídíò tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Àwọn ará Ireland ló kọ́ mi lọ́gbọ́n níbí. Ní ẹkùn Mayo, ojú irin tó lọ sí Achill ti kú láti 1937, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti padà sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀nà ìrìn sórí rẹ̀, wọn ò ra ilẹ̀, wọn ò sì fipá gbà á. Wọ́n lọ bá àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní: ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ, gbà wá láàyè kí àwọn èèyàn máa kọjá, káńsù á ṣe ọgbà àti géètì fún ọ kí àgùntàn rẹ má bàa jáde. Àwọn àgbẹ̀ gbà. Kìlómítà 42 ni ọ̀nà náà, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́.

Mo lè rí i bí olórí ẹbí kan níbí ṣe máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kì í ṣe títà. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri láì bá wọn jókòó. Ẹ gbé obì, ẹ lọ bá Báálẹ̀, ẹ mú surveyor dání. Tó bá jẹ́ pé owó ìyọ̀ǹda ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ẹ mọ̀ pé ẹ ò tíì ṣàlàyé tó.

Ẹnì kan béèrè nípa ọjọ́ orò Mágbó àti Elúkú. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọ̀nà a máa dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn bí títì ṣe ń dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé igbó awo wà lójú ọ̀nà, kí ọ̀nà yà fún un.

* * *

Ọlọ́kadà kan (ó ní kí n pe òun bẹ́ẹ̀) kọ̀wé pé tí a bá ṣe ọ̀nà yẹn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn á ti gbà á, torí kò sí kòtò níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún ẹni tó sọ òótọ́.

Òfin tí Èkó fi ka ọ̀kadà léèwọ̀ láwọn ibì kan ní 2022 ò kan Ìkòròdú, àwọn ọlọ́kadà ibí sì ń jẹun nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ti sọ níbí pé «ẹ rì irin mọ́lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà», mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wọn básíkù, kí ẹ wọn ọ̀kadà, kí ẹ sì wọn kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Àlàfo tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bá gbà, ọ̀kadà á gbà á, á sì tún fi ọwọ́ kan tẹ fóònù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ka gbogbo irin ìdènà tó wà lórí àwọn ọ̀nà básíkù wọn káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, ó lé ní 16,000, àwọn ẹgbẹ́ tó kó wọn síbẹ̀ ló tún wá ń wá owó tí wọ́n á fi hú wọn, torí àwọn abirùn àti àwọn tó ń ti ọmọ ni irin yẹn ń dí lọ́wọ́.

Ohun tí mo rò pé ó lè ṣiṣẹ́ ni kí ojú ilẹ̀ rẹ̀ má ṣe dùn ún sáré. Ẹ má da bítúmẹ́nì sí i. Stone dust, ìyẹn eruku òkúta, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ti tó fún básíkù, omi òjò ń wọ inú rẹ̀, kò sì wọ́n tó íńtálọ́ọ̀kì. Kí ọ̀nà máa yí díẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá ti pàdé títì. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà fúnra wọn ní ibi ìdúró ní orí méjèèjì, kí wọ́n máa gbé ẹni tó bá rìn dé òpin. Ẹni tó ń rí owó ní ẹnu ọ̀nà kì í wọ inú rẹ̀ lọ ba nǹkan jẹ́. Ó lè kùnà o. Àmọ́ mo mọ̀ pé irin nìkan máa kùnà.

Olè ńkọ́? Ní alẹ́, kò sí ọ̀rọ̀: kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ lẹ́yìn aago méje títí iná sólà á fi wà. Lójú ọ̀sán, ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni olè ń sá fún. Àwọn tó ń tú irin ẹsẹ̀ òpó wáyà tà fún àwọn onírin àkísà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí ni wọ́n ti ń rí àyè ṣe é.

* * *

Ó kù ti owó, tí arákùnrin onífídíò fi fà yín mọ́ra.

Kò parọ́, àmọ́ kò sọ tán. Ní New Zealand, ojú irin Otago kú ní 1990, wọ́n ṣí ọ̀nà ìrìn rẹ̀ ní 2000, kìlómítà 152. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ ta kò ó. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń sọ yàrá ọmọ tó ti lọ sí ìlú ńlá di yàrá àlejò. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni gígùn ọ̀nà: ẹni tó gun básíkù ibẹ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, á sùn, á jẹ, á mu. Ní Damascus ní Virginia, ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan, iṣẹ́ tó gbilẹ̀ ni ti àwọn onímọ́tò tó ń di básíkù sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ sí orí òkè Whitetop, kí wọ́n lè máa yí bọ̀ wá sílé fún nǹkan bí máìlì 17. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìjì Helene gbá afárá apá òkè yẹn lọ. Ẹ wo ìlú tó fi gbogbo owó rẹ̀ sí ojú kan.

New York náà wà ńlẹ̀. High Line, ojú irin orí afárá tí wọ́n sọ di ọ̀nà ìgbafẹ́, tí wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2009, kò ju kìlómítà 2.3 lọ. Owó ilé ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba ní 2017 pé àwọn kùnà lọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù àdúgbò yẹn. Lánlọ́ọ̀dù tó wà nínú ìjíròrò yìí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi yìí. Ayálégbé, ẹ máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wa ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tó máa sùn mọ́jú torí ọ̀nà kìlómítà mẹ́rin. Owó tiwa á jẹ́ owó pẹ́pẹ̀pẹ́: alákàrà, onísóbò, ẹni tó ń lẹ táyà, owó ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ò san mọ́ nítorí ó lè fẹsẹ̀ rìn láìjẹ́ kí mọ́tò gbá a. Ẹ má fi sínú ìwé pé àwọn òyìnbó máa wá. Tí ẹ bá kọ ọ́, káńsù á kọ́ géètì ńlá, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà, wọ́n á ya fọ́tò, koríko á sì bo ìyókù.

* * *

Ará Àgbádárìgì kan ní àwọn ti ní tiwọn: kéèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina Àgbádárìgì, kó sọ̀ ní Gbẹ́rẹ̀fú, kó rìn nínú iyanrìn títí dé etí òkun, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò ti ń lọ síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wa yìí tó ṣẹlẹ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi, afinimọ̀nà àti alágbọn sì ń rówó. Àmọ́ ẹ má gbé básíkù lọ, iyanrìn yẹn á gbé táyà mì. Ọ̀nà ìrántí ni, èèyàn ń gbà á lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, ó yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ iléèwé ń gbà lójoojúmọ́. Ohun tí mo máa béèrè fún níbẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ àti ìbòji.

Ará Ẹ̀pẹ́ ní kí a ṣe é láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èjìnrín létí ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n, àbàtà ńkọ́? Owó afárá onípákó nìkan á gbé yín mì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa ṣe tiẹ̀ níbẹ̀.

* * *

Ará Ìjẹ̀dẹ̀ tún kọ̀wé:

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Ìpàdé wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n sọ fún wọn, ní kúkúrú?

* * *

Bàbá Oníbásíkù:

Ẹ má mẹ́nu kan kìlómítà púpọ̀. Ẹ yan abala kan ṣoṣo lábẹ́ wáyà, láàárín iléèwé kan àti títì tí mọ́tò ń gbà, ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọjá tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ rìn ín nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kì í ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ lè rí ibi tí omi ń dúró sí. Ẹ mú ìyá ẹlẹ́wédú kan àti ọlọ́kadà kan dání. Ẹ ka iye àwọn tó bá kọjá láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òǹkà yẹn ni ọ̀gá kankan ò ní lè bá yín jiyàn lé lórí.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó máa máa ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lóṣooṣù àti ibi tí owó rẹ̀ á ti máa jáde. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn ìyẹn ní ìpàdé, ẹ dá a dúró. Mo ti rí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù ní àdúgbò kan níbí tí eéran bò mọ́lẹ̀ kí ọdún náà tó yí po.

Lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má kọ ọ́ sí káńsù. TCN ni kí ẹ kọ ọ́ sí, torí àwọn ló ń bójú tó ààyè abẹ́ wáyà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn ò gbà lábẹ́ wáyà náà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsù àti Báálẹ̀. Ẹ so àwòrán surveyor mọ́ ọn tí ẹ bá ní. Tí wọ́n bá ti fèsì, ẹ gbé èsì náà wá síbí ká jọ kà á.